Bátìrì Tó Gbé Oríkì Mì

Abúlé Aládìẹ, lẹ́yìn Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 2009.

Hidaayah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Satellite Town ńkọ́, àti àwọn ọkọ̀ epo tó máa ń tò lọ rẹrẹ níwájú ilé yín? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná sí ìdí àwọn ọkọ̀ yẹn, àmín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìyá rẹ ń kí ọ púpọ̀. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì lágídí bíi tìrẹ, kì í gbọ́ràn bí a bá ń pè é.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù náà nìyí nínú àpò mi, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀, nítorí pé bátìrì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ ní ọ́fíìsì yín ní Festac níbi tí ẹ ti ń fi ẹrù àwọn èèyàn ránṣẹ́ sókè òkun. Mo sì mọ̀ pé inú ń bí ọ. Mo rí i nínú ìwé òfin tí o fi rán Jayéọlá awakọ̀ sí mi, bí o ṣe fi bírò pupa falà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí orí baba rẹ ṣì pé.

O mọ̀ pé ní agboolé wa, obìnrin tó bá dàgbà jù ló máa ń ki ọmọ tuntun létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ọmọ lè mọ ilé tó wá. Màmá, ìyá tó bí mi, ló ki ẹ̀gbọ́n rẹ Malik, àwọn náà ló kì ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin méjì tí Malik bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kankan kò kì wọ́n. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá bí obìnrin lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Màmá ní eléyìí kò ní bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, pé Àyìnkẹ́ ni òun fi ṣe oríkì rẹ̀, àti pé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ohùn òun gbọ́dọ̀ dé etí rẹ̀. A kọ́kọ́ pe Malik, àmọ́ káàdì tán nígbà tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí baba bàbá mi. Bọ́lárìnwá, tó máa ń bá wa ṣáájì fóònù nídìí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ló wá sọ fún wa pé fóònù lè gba ohùn èèyàn pamọ́. Màmá wẹ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n jókòó ti fóònù, wọ́n sì ki ọmọ náà títí a fi pe ìrun Àsárì.

Ibi tí ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́ nìyí. Bọ́lárìnwá yọ bátìrì, fóònù kú. Ó dá a padà, ohùn Màmá tún jáde. Mo dán an wò fúnra mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bátìrì ò sí, ohùn ò sí. Bátìrì dé, ohùn dé. Hidaayah, ìwọ tó kàwé, níbo ni ohùn wà nígbà náà? Ìdí tí mo fi yọ bátìrì nìkan nìyẹn, tí mo fi aṣọ dì í, tí mo ní kí Jayéọlá gbé e wá bá ọ pé kí o fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ta ló máa ń ru ilé rìnrìn àjò nígbà tó jẹ́ pé onílé ni wọ́n ń retí?

Ní ti pé o ní ó wú, èmi náà rí i, ìdérí fóònù kò fẹ́ bò ó mọ́ ní ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n oríkì wa gùn. Ẹni tó bá gbé gbogbo baba ńlá wa mì ní ìjókòó kan ṣoṣo, ṣé inú rẹ̀ kò ní wú ni?

Mo ka òfin rẹ sétí gbogbo ilé. O ní bátìrì tí kò bá sí nínú fóònù kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí tí wọ́n ń kó sí ikùn bàálù, pé ọwọ́ èrò ni kó wà. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí àwa náà kì í dá ìyàwó nìkan sọ́nà ilé ọkọ. O ní kò gbọdọ̀ fara kan bátìrì mìíràn, kí wọ́n má baà gbiná. Ìyá rẹ ní òun mọ irú wọn, pé orogún ni wọ́n. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní kí wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ dàrú. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, ibo ni oríkì máa gbà jáde? O wá ní èyí tó bá ti wú, bàálù kò fẹ́ rí i rárá, nítorí iná. Ìwọ tó ń sùn láàárín ọkọ̀ epo, tí ẹnikẹ́ni kò lẹ téèpù mọ́ ọ̀kankan nínú wọn lẹ́nu, ohun tí kò tó ọṣẹ ìfọṣọ ló ń bà ọ́ lẹ́rù.

Síbẹ̀ mo bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí o fi sínú ìwé náà. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó wà nínú ẹrù, mo kọ ọ́ pé ohùn ìyá mi. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iye tó tó, mo kọ ọ́ pé ta ló máa ń díye lé ìyá rẹ̀.

Ó ṣòro fún mi láti sọ fún Màmá pé ẹ ti kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́, omi bọ́ lójú wọn. Èmi náà sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n tún òfin yẹn kà, kí n rọra kà á. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, “Mùsúdù, ṣé wọ́n dárúkọ ìyá arúgbó níbẹ̀?” Mo wo iwájú ìwé, mo wo ẹ̀yìn. Kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó fún ọ ní lẹ́tà yìí ni ẹrù náà. Inú gáréèjì ni mo ti ń kọ ọ́ parí, Màmá ti jókòó níwájú ọkọ̀, Jayéọlá sì ń fọn fèrè mọ́ mi lórí. Agboju ló máa já wọn sí, lọ pàdé wọn níbẹ̀. Yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, wọn kò wú, kò sí irin lára wọn. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ téèpù mọ́ wọn lẹ́nu, ọwọ́ yín ló wà, èmi ò sí níbẹ̀. Kí wọ́n má fi wọ́n sí ikùn bàálù o, òtútù máa ń mú wọn lórúnkún.

Bí bàálù bá wá kọ àwọn náà, pe Malik láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo bẹ̀ ọ́, ra káàdì, rà á lọ́pọ̀lọpọ̀, má jẹ́ kó gé mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, n kò mọ̀ bóyá wọ́n tún máa ki ọmọ mìíràn lẹ́yìn èyí. Tún fún wọn lówó ọkọ̀ tí wọ́n máa fi padà, kí o sì bá mi fi owó bátìrì tuntun kún un.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ohun tí o bá rán jáde á dé ibi tó ń lọ. Bí Màmá bá sì ti ń ki ọmọ náà lọ́jọ́ Àìkú, má dìde lọ dáná, jókòó tì wọ́n. Mo ti ní kí wọ́n ki ìwọ náà mọ́ ọn, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kì ọ́.

Èmi ni baba rẹ,
Mùsúdù.