Kẹ́ẹ̀gì Òróró Nínú Yàrá Ìgbẹ̀bí

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ilé Olùkọ́ Awakọ̀,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìgbẹ̀bí.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi Ẹnu-Kìí-Sinmi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá wa ńkọ́? Bàbá wa ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti lọ sílẹ̀? Àbúrò rẹ tó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé ńkọ́? Ara tiwa le koko. Ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ o! Obìnrin ni, igbe rẹ̀ sì ti jí àwọn adití àdúgbò.

O rántí ti àkọ́bí. Wọ́n ní kó ti ọmọ, ó tì í bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú, ni ẹran tó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí bá ya. Wọ́n rán an. Odidi oṣù kan ló fi ń fi ìdajì ìdí jókòó jẹun, ó sì ń sunkún kó tó lọ tọ̀. Nígbà tí oyún yìí dé, ó sọ fún mi ní ilé ìdáná pé kì í ṣe ìrọbí lẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun, àga ni. Ó tilẹ̀ ti rán tìmùtìmù kan tó dá ihò sí láàárín sílẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ, ní òun ò lè búra pé kò ní ya, ṣùgbọ́n a lè dín in kù. Ó ní láti bí oṣù kan ààbọ̀ sí ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi máa fọ ọwọ́, kó fi òróró díẹ̀ sí àtàǹpàkò, kó máa fi ra ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè rọ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ "òróró," kò dúró gbọ́ "díẹ̀." Kẹ́ẹ̀gì tó gbé wálé lè pa gbogbo ilẹ̀kùn tó ń ké ní ayé yìí lẹ́nu mọ́.

O mọ̀ pé mọ́tò ni Bùọ̀dá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ń kọ́ èèyàn. Iná tó ń mú mọ́tò sáré àti bíréèkì wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀ náà nínú mọ́tò iṣẹ́, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ń jẹun pàápàá, ó ń tẹ ilẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìrọbí mú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní èmi ni kí n di òun lọ́wọ́ mú. Ìka mi méjì ò tíì dárí jì í. Bùọ̀dá gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé, kò sì dé e dáadáa. Ìyá Agbẹ̀bí fẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lélẹ̀, ó fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bo ibẹ̀. Bí orí ọmọ ṣe yọ, ó fi ọwọ́ gbá ẹran náà mú, ó ní: "Má tì í mọ́. Máa mí fúù, fúù, bí ẹni ń fẹ́ tíì."

Ni Bùọ̀dá bá figbe ta: "Tẹná! Ìyàwó mi, tẹná!" Ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀ gbì, gbì. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ tì í.

"Ọ̀gá awakọ̀," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí, "bí ọmọ iṣẹ́ yín bá dé kọ́nà tóóró, ṣé ẹ ó ní kó tẹná?"

"Rárá o, Mà! Á gbẹ́sẹ̀ kúrò ni."

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí ìyàwó rẹ̀: "Gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Rọra. Jẹ́ kó yí fúnra rẹ̀." N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ń mí fúù, fúù, ọmọ sì rọra jáde bí olówó tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kékeré.

Ìyá Agbẹ̀bí yẹ ẹ̀gbọ́n mi wò: ibẹ̀ kò ya. Bùọ̀dá fò sókè fún ayọ̀, ó balẹ̀ sínú òróró tó ti ń jò, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò sí níbẹ̀. Etí garawa onírin ló fi ìdí bà. Ìdí ya, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rán an, o ò bá gbọ́ igbe!

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ̀gbọ́n mi fi odidi ìdí jókòó lórí àga onígi, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá sì ń jáde lọ síbi iṣẹ́, tìmùtìmù oníhò lábẹ́ abíyá.

Tìrẹ ni mí, bí o bá tilẹ̀ yọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi dànù,

Ojú-Mi-Ló-Ṣe