Àtẹ́lẹsẹ̀ Mi Dé Jẹ́dà

Muhsinah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ nílẹ̀ mímọ́, oòrùn Jẹ́dà kò ní pa ọ́ lára. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ojú iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ mi sì ti jinná pátápátá. Mo ti ṣẹ́gun.

Jọ̀wọ́, má bínú sí mi mọ́ nítorí fọ́ọ̀mù tó o fi sórí fóònù lọ́jọ́sí. Nígbà tí Harun àbúrò rẹ kà á pé wọ́n ń béèrè ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ awọ ara rí nínú ẹbí wa, mo ní àwọn àna ti dé nìyẹn, wọ́n ń ṣe ìwádìí wa kí wọ́n tó fẹ́ ọ. Ta ló ń tú àṣírí ilé rẹ̀ fún àna? Mo ní kó kọ ọ́ pé orí kì í fọ́ ẹnikẹ́ni nílé wa, àti pé a ní oko kajú ọ̀nà méjì.

Ìgbà tó o wá ń sunkún pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́ ọ pé àrùn náà lè máa bá ìdílé rìn, ni mo jẹ́wọ́ pé àmì dúdú àtẹ́lẹsẹ̀ ló pa ìyá mi, ẹ̀gún tí a máa ń sọ kọ́. O ní kí n gbé ẹsẹ̀ tèmi sí fóònù. Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òórùn rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ yín, mo sì kí àwọn dókítà ibiṣẹ́ rẹ tó wà nínú fóònù dáadáa. Àmì dúdú tí mo pè ní àbàwọ́n oje kajú ni wọ́n gé kúrò ní Ìlọrin yẹn. Dókítà ní kò tíì wọlé jìnnà, pé ojú ọmọ mi ló yọ mí.

Ní báyìí, bí àwọn tó wà níwájú mi bá ti forí kanlẹ̀ ní mọ́sáláṣí, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ni mo ń wò, Ọlọ́run á forí jì mí.

Kìfáyàtù àbúrò mi náà ní irú àmì yẹn, ó ń fi í pa mọ́ nítorí wọ́n fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo lọ bá àwọn àna náà fúnra mi, mo bọ́ bàtà, mo fi àpá mi hàn wọ́n, mo ní ẹbí tó mọ àrùn rẹ̀ ni kí wọ́n fẹ́. Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti gbà, òun náà sì bọ́ bàtà tirẹ̀ kí n bá òun wò ó.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lè gbé Kìfáyàtù lọ sí Ìlọrin ní Ọjọ́bọ̀. Fi díẹ̀ lé e fún oúnjẹ, nítorí ebi máa ń pa á lójú ọ̀nà.

Bó o bá tún lọ sí Mẹ́kà láti tọ́jú àwọn àlàájì tí ẹsẹ̀ wọn bó ní àdúgbò Misfalah, ìwọ náà jókòó, bọ́ bàtà, kí Hala tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wo tìrẹ. O ti wo ẹsẹ̀ gbogbo wa tán, kò sì sẹ́ni tó tíì wo tìrẹ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo bí ọ. Ọlọ́run tó fi tèmi hàn ọ́ kò ní fi tìrẹ pa mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulrauf