Oníbúrẹ́dì Tó Ń Ta Géèmù

                                                            Ojúlé Kọkànlá,
                                                            Òpópónà Ilé Ìkàwé,
                                                            Lẹ́yìn Ilé Ìfowópamọ́.
                                                            Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹjọ.

Adúmáradán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń sùn nídìí tẹlifíṣọ̀n tí á tún ní òun ò sùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí àbíkẹ́yìn ti ga jù ẹ́ lọ, o sì ní láti gbójú sókè kó o tó bá a wí. Orúnkún rẹ wá ńkọ́, èyí tó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí? Ìwọ nọ́ọ̀sì tó ń sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n sinmi, ìwọ gan-an lo kì í jókòó. Jọ̀wọ́, tọ́jú ara rẹ fún mi.

Èmi náà wà, ara le, ẹnu ò sì sinmi. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní yunifásítì rẹ̀, ó ń pè mí tí ebi bá ń pa á. Màámi ní kí n kí ọ. Ojú wọn ríran ju tèmi lọ, etí nìkan ló ń yan ohun tó fẹ́ gbọ́.

Ó yá, wá ibì kan jókòó sí kó o tó ka èyí tó kàn. Ẹnì kan fẹ́ fẹ́ mi. Mo mọ̀ pé o ti pariwo. Rọra o, kí àwọn aláìsàn rẹ má lọ rò pé ẹnì kan ló kú. Láti ìgbà tí bàbá ọmọ mi ti papò dà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé èmi àti ọ̀rọ̀ ọkọ ti pínyà. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun ò jẹun mọ́ láyé òun, ẹ jẹ́ kí ebi kọ́kọ́ pa á ná.

Oníbúrẹ́dì ni. Ibi tó ti ń yan búrẹ́dì wà ní òpópónà tó tẹ̀ lé ti ṣọ́ọ̀bù mi. Bí a ṣe pàdé ni pé atẹ́gùn já pátákó tí mo kọ "Onídìrí" sí, ó sì bọ́ lé kẹ̀kẹ́ tó fi ń pín búrẹ́dì kiri. Búrẹ́dì fọ́n ká gbogbo ojú ọ̀nà. Mo sáré jáde, mo ti ń múra ìjà sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ọkùnrin yìí wo pátákó, ó wò mí, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé kò bà yín?" Ó bá mi gbé e kọ́ padà. Ìyẹ̀fun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kún gbogbo ara pátákó náà, títí dòní mi ò tíì nù ún kúrò.

Ẹni tútù ni. Kì í mutí, kì í pariwo, ó ti máa ń jí kí àkùkọ tó ronú àtikọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ìyá rẹ̀ ló mú un lọ sí ìlú míì. Ohun tó sọ fún mi nípa ọmọ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá tún bi í, á kàn máa nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀ ni ọkàn mi dàrú. Ilé mọ́ tónítóní, kọ́tìnì rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Àfi bí mo ṣe rí ẹ̀rọ dúdú kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú páàdì méjì lórí rẹ̀ bí alákàn tó ń sùn. Mo ní ti ọmọ ta nìyẹn? Ó ní tòun ni. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ń ta géèmù?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń tà á gan-an ni. Adúmáradán, ọkùnrin tí ewú ti ń yọ ní àgbọ̀n rẹ̀! Kò tiẹ̀ tijú. Èmi ni ojú ń tì.

Mo wá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó ti dé òpin ayé nìyẹn. Tísà kan tí mo ń bá dìrí ní ọ̀lẹ ni gbogbo àwọn tó ń ta géèmù, pé wọ́n á jókòó títí àga á fi mú ìrísí ìdí wọn. Mo ní ẹni tó ń po ìyẹ̀fun láti ìdájí ńkọ́? Ó ní ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ọ̀lẹ tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà ní tẹ́tẹ́ ni, orúkọ lásán ni wọ́n yí padà. Ẹlòmíì ní ìbọn ni wọ́n ń yìn nínú ẹ̀, pé tó bá pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo èmi náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún. Ọmọge kan tí mo ń fọ irun rẹ̀ lọ́wọ́ bá gbé orí tó kún fún ọṣẹ sókè. Ó ní òun náà ń tà á, ilé ìfowópamọ́ lòun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò sì tíì yìnbọn fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn yíjú sí i. Wọ́n ní, "Obìnrin bíi tìẹ? Irọ́ ni!" Mo ní kó tẹ orí padà kí ọṣẹ má bàa kó sí i lójú.

Màámi ní tiwọn ní ẹni tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ ló ń bá ẹ̀rọ ṣeré. Wọ́n ní ṣé ọmọ míì ni mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ni? Mo rántí bí bàbá wa ṣe ta dráfù títí wọ́n fi dágbére fáyé, tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n lọ́mọdé. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́, àmọ́ mo gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ dé etí bùọ̀dá mi àgbà, ẹni tá a máa ń pè ní Adájọ́ nígbà tá a wà ní kékeré. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo ọkùnrin náà fúnra àwọn. Sátidé ni wọ́n wá sílé èmi àti Màámi. Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì gbígbóná dání, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn láìṣe àṣejù. Bùọ̀dá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Màámi gan-an bu búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́kàn mi nígbà tí Oníbúrẹ́dì wo aago tó wà lára ògiri, ó bá dìde.

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo gbọ́dọ̀ máa lọ. Wọ́n ń dúró dè mí."

Bùọ̀dá ní, "Níbo?"

Ó lè sọ pé níbi iṣẹ́ ni. Ó lè sọ pé iná ń jó búrẹ́dì òun. Àmọ́ kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Nídìí géèmù ni, sà. Mo ti ṣèlérí. Tí ẹ bá fẹ́, màá padà wá nírọ̀lẹ́."

Búrẹ́dì dúró sẹ́nu bùọ̀dá mi. Oníbúrẹ́dì tẹríba, ó lọ. Ìgbà tí bùọ̀dá máa rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ rí ọkùnrin yẹn nínú ilé yìí mọ́." Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Bàtà tí mo wọ̀ jáde, ọ̀tún ò bá òsì mu. Mo ń sáré, inú ń bí mi, mo ń to èébú jọ bí ẹni to igi, pé bí mo bá dé ilé rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá máa jù ú lù ú.

Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ò tì. Ó kọ̀yìn sí mi, páàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, máìkì kékeré kan sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin kan ń jáde nínú tẹlifíṣọ̀n. Lójú tẹlifíṣọ̀n náà, ènìyàn kékeré méjì ń gbé pákó, wọ́n ń kọ́ ilé sétí odò. Kò síbọn, kò sẹ́jẹ̀. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì: pé wọ́n ti fún òun ní dígí ojú, pé nínú báàgì lòun ń fi í pa mọ́ sí torí pé "Olójú Mẹ́rin" ni wọ́n ń pe òun ní kíláàsì, pé òun ò wá rí ohun tí tísà ń kọ mọ́. Mo gbọ́ bó ṣe fa imú.

Ènìyàn kékeré ti bàbá rẹ̀ sọ pákó kalẹ̀. Ó tẹ páàdì lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀, àfi bí dígí kan ṣe yọ lójú ènìyàn náà, ó tóbi bí àwo ìjẹun.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ burẹ́wà!"

"Mo burẹ́wà kẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rí odò yẹn dáadáa ni. Àṣé ẹja wà níbẹ̀!"

Adúmáradán, àwọn èébú tí mo tò jọ, mi ò rí ọ̀kan mú jáde mọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti béèrè pé, "Dádì, ta ló ń mí gulegule sínú máìkì?" Èmi mà ni! Eré tí mo sá ni. Bàbá rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní obìnrin tí òun sọ fún un nípa rẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé onídìrí yẹn?" Bàbá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jókòó."

Mo jókòó.

Ìgbà tí wọ́n parí ló tó ṣàlàyé fún mi. Ó ní tóun bá pe ọmọ náà lórí fóònù, "Ẹ káàsán, sà. Dáadáa ni, sà" ló máa ń sọ, ó tán. Àfi tí ọwọ́ àwọn méjèèjì bá dí nídìí géèmù ni ẹnu rẹ̀ máa ń là. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí lójú bùọ̀dá mi? Ó ní òun ò fẹ́ fi ọmọ òun ṣe àwáwí. Ó ní, "Kí n tó bímọ ni mo ti ń ta géèmù. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ni. Kó o má lọ rò pé nítorí ọmọ nìkan ni, kó o wá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe èmi." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí ní "o" nìyẹn.

Mo padà sílé, mo ròyìn rẹ̀ fún wọn. Bùọ̀dá ní ìtàn náà dùn, àmọ́ géèmù ni géèmù ń jẹ́. Màámi ni wọ́n sọ̀rọ̀, wọn ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Bàbá yín fẹ́ràn yín títí tó fi kú. Kò kàn mọ ibi tó ti lè bá yín sọ̀rọ̀ ni. Ìdí dráfù yẹn nìkan lẹnu rẹ̀ máa ń là, kò sì pe ọ̀kan nínú yín síbẹ̀ rí." Bùọ̀dá gbé ife omi, wọn ò mu ún, wọ́n tún gbé e kalẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní kí n pe ọkùnrin náà kó wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àmọ́ kó má gbé géèmù kankan wá síbí o.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ náà wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ti rò pé á fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Rárá o. Àwọn méjèèjì jókòó bí àlejò tó pàdé ní ilé ìwòsàn. "Ṣé o ti jẹun?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo rí i lójú ọkùnrin náà pé ó ń dùn ún. Mo ní kí ọmọ náà jẹ́ kí n bá a dìrí. Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, ó kọ̀yìn sí mi, ó gbé dígí náà sórí itan rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun ní kíṣìnnì.

Bí mo ṣe ń ya irun rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò bi í ní nǹkan kan. Ìwọ mọ bí àwọn oníbàárà mi ṣe máa ń tú ọ̀rọ̀ inú wọn fún mi, ohun tí wọn ò lè sọ fún ọkọ, torí pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Nígbà tí mo dé àárín orí, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ kíláàsì, ó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó sọ bí òun ṣe ń ka ọjọ́ títí Sátidé á fi dé. Mo gbọ́ tí ọwọ́ tó ń po ìyẹ̀fun ní kíṣìnnì dúró, kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Mà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ fẹ́ wá máa gbé pẹ̀lú Dádì mi?"

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ má fà á jù, ó ń dùn mí."

Mo dẹ ọwọ́. Mo di ọ̀kan tán, mo mú òmíì. Mi ò tún bi í. Ìgbà tó yá, ó fi orí ti orúnkún mi bí ẹni pé oorun ń kùn ún, ó ní, "Ẹ lè wá."

Bá mi kí baálé rẹ àti gbogbo àwọn ọmọ. Sọ fún èyí tó ga jù ẹ́ lọ pé mo ṣì lè fà á létí tí mo bá gun àga. Ọjọ́ ìgbéyàwó kò ní pẹ́. Múra sílẹ̀, torí mi ò ní gba àwáwí orúnkún lọ́wọ́ rẹ.

Tìrẹ ni mí lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Abẹ́rẹ́
(tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ mọ́ láti ìgbà tó ti ń jẹ búrẹ́dì)