Mo Gun Òpó Ọkọ̀ Nítorí Ìpè Rẹ

Inú ọkọ̀ Chidori,
Èbúté Minosaki.

Chinatsu ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìbínú. Níbí, òjò ti lọ, àwọn kòkòrò inú igi ẹ̀yìn èbúté ti ń pariwo láti ìdájí, àbí ní Ọ̀sákà ẹ kì í gbọ́ wọn mọ́ nítorí ariwo ọkọ̀? Kí àwọn tó ń ṣọ́ òkun bá mi ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀. Kí ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì má fi ojú pupa wò ọ́. Kí o rí ẹja tútù rà, kí o sì ráyè jẹ ẹ́. Mo tan tùràrí fún bàbá rẹ láàárọ̀ yìí, mo sọ fún un pé o ò gbé fóònù mi mọ́. Orí pẹpẹ kékeré tí Isamu kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni àwòrán bàbá rẹ wà, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dá etí pẹpẹ náà kí ìgbì má baà jù ú sílẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé bàbá rẹ kò tíì ṣubú rí látìgbà tí a ti wà lórí omi.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní nígbà ìsinmi Ọ́bọ́n, tí gbogbo èèyàn bá ń lọ sílé lọ kí àwọn òkú wọn, ìwọ máa wá sí Minosaki wá kó mi. O ní yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ti wà nílẹ̀, o ti ra ibùsùn sí i. O ní ìyá tó ń gbé inú ọkọ̀ onígbòkun tí ìpè kì í wọlé sí, ìyá tí omi ti gbé lọ ni, ó kàn kù kí wọ́n rí òkú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ọ́. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè, o ò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ̀ pé ìwé mi kò jìnnà, ibi tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, bá mi tún un ṣe lọ́kàn rẹ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì wa lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí tí ìpè já, àti ohun tí èmi náà ti ṣe sí i, nítorí mi ò ní bá ọ lọ. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ o, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Kí n fi nǹkan kan hàn ọ́ ná tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn. Ojú ń tì mí. Mo ti kọ "ọkọ mi" sórí ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi bírò pa á rẹ́. Tí irun èèyàn bá ti funfun tó tèmi yìí, tí wọ́n wá ń pè é ní ìyàwó lórí afárá èbúté, kí ló máa ṣe? Nobue tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ẹlẹ́nu mímú ni, gbogbo òwúrọ̀ ló máa ń kígbe pé ìyàwó, ṣé ọkọ tuntun jẹ́ kí o sùn? Èmi a ní ìgbì ni kò jẹ́ kí n sùn. Òun a ní ìgbì wo, òkun tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo láti àná? Isamu máa ń gbọ́, á kàn máa kun igi ọkọ̀ rẹ̀ lọ bí adití. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó jí, ó ti bu tíì mi sílẹ̀, ó ti fi àwo bò ó kó má baà tutù.

Níbẹ̀rẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì èbúté la ń lò, èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀ láìní kọ́kọ́rọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo kìlọ̀ fún mi, o ní kí n má fi ṣe ọ̀rọ̀ báńkì, pé ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí ẹ̀ lè máa wo ohun tí mò ń ṣe. Mo gbà ọ́ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kí n tó fọwọ́ kan fóònù, mo máa ń ya irun mi, mo máa ń bọ́ aṣọ ìdáná, mo sì máa ń fa kọ́tìnì. Lọ́jọ́ kan tí mo wo báńkì tán, mo tẹríba fún fóònù kí n tó pa á, nítorí mi ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà. Isamu bi mí pé ta ni mò ń kí. Mo ní gbogbo wọn ni.

Ó wá fi nǹkan kan sínú fóònù mi, ó ní ihò ni, pé ọ̀rọ̀ mi á máa gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Inú mi dùn sí ihò yẹn. Àmọ́ kò sọ ibi tó ti yọ fún mi. Ní ọjọ́ kejì mo wo ojú ọjọ́ lórí fóònù kí n tó sá aṣọ, fóònù ní yìnyín máa bọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo kó aṣọ òtútù jáde, mo sáré lọ bá Nobue pé kó so ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó wo oòrùn, ó wo èmi, ó ní ìyàwó, ṣé bí ìfẹ́ ṣe ń da orí èèyàn rú nìyí? Isamu ló wá ṣàlàyé pé ìlú òkèèrè kan ni ihò náà ti yọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òtútù nígbà tí àwa ń ṣe ooru, àwọn ló ni yìnyín. Mo ní kí ló dé tí wọn ò gbẹ́ ẹ gba Ọ̀sákà, níbi tí ọmọ mi wà?

Ti àpótí ló wá ṣe pàtàkì jù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì èbúté kì í dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa, torí ìparí afárá la wà, bí atẹ́gùn bá ti yí ọkọ̀ padà, ó ti lọ nìyẹn. Isamu bá ra àpótí funfun kékeré kan tó ń lo káàdì bíi ti fóònù, ó ní tiwa nìkan nìyí. Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ ìpamọ́ wá, pé ó gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ńlá, kó ní nọ́ńbà, kó tún ní àmì. Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń wá orúkọ fọ́mọ, títí mo fi rí èyí tó dáa. Ọkàn mi kún, Chinatsu, nítorí nǹkan àkọ́kọ́ tí èmi àti ọkọ mi jọ ni nìyẹn. O rí i, mo ti tún kọ ọ́. Ó tó gẹ́ẹ́, mi ò pa á rẹ́ mọ́.

Nígbà tí mo wá tan fóònù láti wá orúkọ àpótí wa, ni mo bá rí orúkọ gbogbo ará èbúté tí wọ́n tò rẹrẹ, ti Nobue, ti àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní ìtukọ̀, ti Bàbá Wakiya tó ń ṣàkóso èbúté, tiwa sì wà nísàlẹ̀ pátápátá bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àyà mi já. Láti ìgbà ìrúwé ni mo ti ń gbé láàárín wọn, mi ò sì tíì gbé sóbà fún ẹnì kankan! Ìwọ náà mọ̀ pé bí èèyàn bá kó dé àdúgbò, núdù sóbà ló máa gbé lọ kí ará iwájú àti ará ẹ̀gbẹ́. Mo rò pé kò sí àdúgbò lórí omi ni. Àṣé inú fóònù ló wà. Mo sáré ra sóbà gbígbẹ, mo fi bébà funfun wé e, mo fi okùn pupa dì í, mo sì kọ orúkọ wa sára bébà bó ṣe yẹ, orúkọ tó wà nínú fóònù. Mo tún rò ó pé kí ni èèyàn fẹ́ fi orúkọ ilé ṣe tí kò bá lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀? Ní erékùṣù tí wọ́n bí mi sí, o mọ̀ pé a kì í ti ilẹ̀kùn. Mo bá kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ sí abẹ́ orúkọ, mo fara balẹ̀ kọ ọ́ kó lè hàn. Mo fi àwo gbé e dé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo tẹríba, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa mójú tó o. Wọ́n sì bá wa mójú tó o.

Ọjọ́ Àìkú tí o pè yẹn, ọjọ́ àṣekágbá ìjàkadì súmò ni. Gbogbo èbúté ló fi àpótí wa wò ó. Mo rí ojú rẹ, ẹnu rẹ là, kò padé. Mo ní Chinatsu, pa ẹnu dé, eṣinṣin lè kó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ojú rẹ pín wẹ́wẹ́ bíi tófù tí wọ́n gé sínú ọbẹ̀, o sì lọ. Ní ọ̀dọ̀ tìrẹ, o ní ojú mi ṣókùnkùn, ariwo ńlá sì sọ, o rò pé a ti rì. A ò rì o. Nobue àtàwọn èèyàn rẹ̀ ló pariwo, nígbà tí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ṣubú.

Nígbà tí Isamu wo inú àpótí, ó ní ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí? Mo ní ará àdúgbò ni. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe wọlé? Mo sọ fún un. Kò bínú. Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ dà bíi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, a kì í fi ta ará àdúgbò lọ́rẹ. Ó ní ká yí i padà kíá, pé ẹni burúkú tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè dé ìdí báńkì wa. Mo ní kò ṣeé ṣe. Nobue ti dá àwo mi padà, ó sì kó èso úmẹ̀ oníyọ̀ kún inú rẹ̀, ṣé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́? Ọkọ mi ní ṣé kí ọmọ mi wá kó mi lọ nítorí sóbà ni? Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, ó sì yíjú sí òkun. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Mo dìde, èmi tí mi ò lè bi èèyàn léèrè ọ̀nà, mo lọ bá Bàbá Wakiya ní ọ́fíìsì wọn. Mo ní Bàbá, ẹ gbà mí. Wọ́n ní kí n mú ọkàn le, pé àpótí wa lè ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan fún onílé. Àlejò á jókòó sí pálọ̀, kò ní lè rí inú yàrá, a sì lè bu ìwọ̀nba fún pálọ̀ kí wọ́n má baà jẹ ti onílé mọ́ ọn. Mo ní Bàbá, ilé ni nǹkan yìí nígbà náà, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi látọjọ́ yìí? Isamu ṣí ilẹ̀kùn kejì lọ́jọ́ náà gan-an, ó fi èyí tí mo kọ sára sóbà sílẹ̀ fún àlejò, a sì mú òmíràn fún yàrá. Èmi àti ọkọ mi nìkan la mọ̀ ọ́n. Ìwọ gan-an, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí pé ọwọ́ pọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Àmọ́ Bàbá Wakiya tún ní ilẹ̀kùn ò wúlò tí ọ̀nà ò bá dé ilé. Òkè tó wà lẹ́yìn wa ló ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àfi kí á gbé ọ̀pá tó ń gbà á lọ sí orí òpó ìgbòkun. Isamu ní òun á gùn ún. Mo ní pẹ̀lú orúnkún wo? Ó ní ta ló máa wá gùn ún? Mo ní èmi ni. Ó ní Fumie, òpó yìí ga. Mo ní ọmọ olóko ọsàn ni mí, àtikékeré ni mo ti ń gun ohun tó ga, tí mo bá sì jókòó sílẹ̀, ọmọ mi á wá kó mi bí ẹrù.

Wọ́n so mí mọ́ àga aláṣọ tí wọ́n fi ń gun òpó. Gbogbo àwọn tó jẹ sóbà mi jáde wá di okùn mú. Nobue ní ẹ fà á jẹ́jẹ́ o, ìyàwó tuntun ni, ọkọ ò tíì lò ó tẹ́rùn. Ẹnì kan ní rárá, ẹ fà á gírí, íńtánẹ́ẹ̀tì wa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sòkòtò Isamu ni mo wọ̀, fọkàn balẹ̀. Mo dijú títí mo fi dé àárín, nígbà tí mo là á, mo rí òkun títí dé àwọn erékùṣù, mo sì rí ọkọ mi nísàlẹ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni tó máa gbá mi mú tí mo bá já bọ́, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo de ọ̀pá náà bó ṣe ní kí n dè é, mo fi téèpù wé ìdí rẹ̀ nítorí iyọ̀, mo sì tún fà á wò kí n tó ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀.

Iná pupa tó máa ń tàn lára àpótí ti di aláwọ̀ ewé. A pe ẹ̀gbọ́n Isamu ní Hokkaido, a rí i títí dé irun imú. Atẹ́gùn ńlá jà ní ìjẹta, ọkọ̀ yí síbí ó yí sọ́hùn-ún, Nobue sì ń wo eré nínú pálọ̀ wa lọ́wọ́, síbẹ̀ ìpè ò já.

Ohun kan ló kù. Àpótí náà máa ń jẹ iná, bátìrì ọkọ̀ sì ti gbó, ọkọ mi fẹ́ ra sólà kékeré sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Tí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, owó ọkọ̀ ojú irin tí o fẹ́ fi wá kó mi yẹn gan-an ti dára. Tó bá jẹ́ orí fóònù lo máa gbà fi ránṣẹ́, fi ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù kí àwọn ará pálọ̀ tó jí. Tó bá sì jẹ́ pé o ṣì fẹ́ wá ní Ọ́bọ́n, wá kí bàbá rẹ, wá jẹ ẹja, wá sùn. Ẹrù mi ò ní kúrò lójú kan.

Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí orúkọ rẹ dùn lẹ́nu àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tó máa bu tíì sílẹ̀ dè ọ́ lówùúrọ̀ má jìnnà sí ọ.

Pè mí ní ọjọ́ Àìkú. Tó bá jẹ́ ojú ọkọ mi lo kọ́kọ́ rí, má pa ìpè náà. Ó ti ń kọ́ bó ṣe máa kí ọ, mo gbọ́ ọ tó ń dá sọ ọ́ fún dígí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fumie.