Ìbò Kan Ṣoṣo ti Ẹgbẹ́ Alágogo

Ìgbẹmọ-Èkìtì

Hafsoh ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ọ kú ooru Ìbàdàn. Ọlọ́hun tó ń jí wa níbí kò ní í gbàgbé ojúlé tiyín. Ara wa le, àfi pé ó ń rẹ̀ wá. Ìrẹsì ti wọlé láti oko, àwọn ẹyẹ sì ti jẹ tiwọn kí àwa tó jẹ tiwa. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí fóònù wa kò mọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sọ mọ́, gbogbo ohun tí o bá sọ ni bàbá yín máa ń gbọ́ láti pálọ̀, àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn.

Ọmọ kan wá bá wa láti Adó. Chanda ni orúkọ rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Sáńbíà ló ti wá, ó ń kàwé ní yunifásítì, àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó ló gba yàrá sí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un níléèwé ni pé kó lọ wo àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kéékèèké ilẹ̀ wa, àwọn tí kì í wọlé, kó kọ ohun tó ń mú wọn dúró sínú ìwé. Hafsoh, ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí èmi náà ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí, mi ò mọ̀ pé yunifásítì ń wá ìdáhùn rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni bàbá yín ti jẹ́ alága Ẹgbẹ́ Alágogo ní wọ́ọ̀dù wa. Mọ́kànlá ni wọ́n nígbà náà tí mò ń se ìrẹsì ìpàdé. Àwọn kan ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ ńlá, àwọn kan ti kú, Mọ́nsúrù télọ̀ tó kù ti kó lọ sí Àkúrẹ́. Síbẹ̀, ìpàdé ń lọ. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ inú oṣù, bàbá yín á dé fìlà, wọ́n á dá jókòó sí pálọ̀ títí di agogo mẹ́fà, wọ́n á wá jáde wá sọ fún mi pé ìpàdé ti parí.

Ọmọ náà dúdú bíi tiwa, ojú rẹ̀ jọ ti àwọn ará Ìjan. Mo kí i, kí i, kò dáhùn. Mo rò pé ó ń tijú ni, mo bá fi ohùn Èkìtì wa kí i, mo ní kó wọ ulé, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Olúwabùsáyọ̀, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó bá a wá ṣe ògbufọ̀, ló là á yé mi pé kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó ní kò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan ní Adó, pé bí wọ́n bá ti jáde ní kíláàsì, yàrá ló ń wọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bu ìrẹsì fún un dáadáa.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde kí bàbá yín fọwọ́ sí i. Ó wà níbẹ̀ pé ìwé náà kò ní dárúkọ wọn, pé Olùdáhùn Kẹrin ni wọn yóò máa jẹ́. Bàbá yín bínú. Wọ́n ní rédíò kò dárúkọ àwọn rí, báyìí tí ìwé fẹ́ gbé àwọn dé Sáńbíà, wọ́n tún fẹ́ máa fi nọ́ńbà pe àwọn bí ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ní ó kéré tán kí wọ́n fi àwọn ṣe Olùdáhùn Kìíní. Ọmọ náà gbà. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní yóò máa gba ohùn sílẹ̀. Èmi rò pé àwọn òbí rẹ̀ ló ń gbọ́ wa lọ́hùn-ún, mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù náà, mo kí wọn, mo ṣàdúrà pé wọn yóò rí ọmọ wọn láyọ̀. Bùsáyọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Chanda ní kó sọ ohun tí mo wí fún òun, nígbà tó gbọ́ ọ, ó wo ilẹ̀.

Bàbá yín sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n ní àwọn kò gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ olóṣèlú rí, wọ́n ní àwọn kò tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ mìíràn rí. Ọmọ náà ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó wá fi fóònù kejì hàn wọ́n, fọ́tò ìwé èsì ìbò ibùdó wa ló wà lójú rẹ̀. Bùsáyọ̀ kà á pé Ẹgbẹ́ Alágogo ní ìbò kan. Kò mọ ohun tó ń ṣe, ó ní ṣebí Bàbá àti Màmá ni wọ́n jọ dìbò níbẹ̀.

Mo fi àtàǹpàkò mi pamọ́ sínú ìró, nítorí mo rò pé fóònù tó bá lè gbé èsì ìbò jáde yóò mọ ìka tó tẹ̀ ẹ́. Ìka mi ló tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ ìbò, mo rí àmì agogo wọn nísàlẹ̀ ìwé ìbò pátápátá, ó kéré bí ẹyọ ẹ̀wà, ó ṣe mí láàánú, mo tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, èmi ni mo ni ín, bàbá yín sì mọ̀.

Wọ́n yíjú sí mi níṣojú àlejò. Wọ́n ní kí ayé wá wò ó, pé èmi Kùdírátù ni mo ta àwọn, pé ẹgbẹ́ ńlá ti fi àpò ìrẹsì rà mí nínú ilé àwọn. Mo wo ojú wọn, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Bí mo bá lanu, ohun tí yóò wọ inú ìwé ni pé alága kò dìbò fún ẹgbẹ́ ara rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé àpótí orí ìwé ìbò ti kéré jù, ìka mi ló ṣì í.

Bùsáyọ̀ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Chanda ní kó fi í sílẹ̀. Ó ti ń wo ọwọ́ mi nínú ìró láti ìgbà tí mo ti fi í pamọ́. Ó da fóònù kan dojú bolẹ̀, ó pa ìkejì, ó sì ní òun fẹ́ ìrẹsì sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá yín kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun àṣárì, wọ́n wá jókòó tì mí ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bá mi ṣa òkúta inú ìrẹsì, ohun tí wọn kò ṣe rí. Ó pẹ́. Wọ́n wá ní ó rẹ àwọn lọ́jọ́ ìbò náà ni. Wọ́n ní àwọn kò tẹ̀ka fún ẹni tó wọlé rí láyé àwọn, àwọn kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lára. Mo bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí. Wọ́n ní kò yàtọ̀.

Wọ́n wá yọ fọ́ọ̀mù kan lápò. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ní Abùjá fẹ́ orúkọ àti fọ́tò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n ní kí èmi náà forúkọ sílẹ̀. Mo ní mo rò pé ìrẹsì ti forúkọ mi sílẹ̀ tipẹ́. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ọjọ́ tí mo wọ ẹgbẹ́. Bàbá yín mú bírò dání, wọ́n ń wò mí. Mo ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbò. Wọ́n kọ ọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó fọ́tò ránṣẹ́, àti ti ọkọ̀ Adó. Wọ́n ní etí mi méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn nínú fọ́tò, mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi etí mi ṣe ní Abùjá, bóyá wọ́n fẹ́ mọ̀ pé mo lè gbọ́ ìpàdé. Fi owó ẹran kún un, nítorí Chanda ní òun yóò máa wá lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́.

Bí bàbá yín bá sọ fún ọ lórí fóònù pé ìka mi ṣì í, má jiyàn. Sọ pé o ti gbọ́, kí o sì bá wọn kí mi pẹ̀lẹ́.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ kọjá ohun tí oorun lè tán. Lọ́jọ́ tó bá sì rẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ pé ẹni tí yóò bò ọ́ láṣìírí ló jókòó tì ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kùdírátù