Orin Tí Mo Dì Mọ́ Itan Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń jẹun yó? Ẹni tó dá ọ kò ní gbójú kúrò lára rẹ nínú ìlú ńlá yẹn. Àwa náà wà dáadáa, àfi ẹsẹ̀ bàbá rẹ, òun náà sì ti ń gbọ́ràn báyìí. Jẹ́ kí n rọra ròyìn, nítorí ẹ̀rín ń pa mí.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, tí wọ́n fi irin so eegun itan wọn pọ̀, bàbá rẹ ò fẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé irin náà máa dá. Dókítà ní tí oṣù yìí bá fi parí tí wọn ò tẹ̀ ẹ́, oríkèé á gan, ọ̀pá ni wọ́n á máa fi tilẹ̀ kiri títí ayé. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, mi ò lè purọ́ fún ọ.

Ni ọsibítù bá rán obìnrin kan wá, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ àgbàlagbà ní ìrìn. Tíṣà Ẹsẹ̀ là ń pè é. Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ mú wá, wọ́n béèrè nínú rẹ̀ orin tí aláìsàn fẹ́ràn jù. Bàbá rẹ dárúkọ orin ijó kan tó lókìkí kí wọ́n tó mọ̀ mí. Mo béèrè ẹni tí wọ́n bá jó o, wọ́n ní àwọn ò rántí. Mo kọ ìyẹn náà sínú fọ́ọ̀mù, kí ọsibítù lè mọ irú ẹni tí wọ́n ń tọ́jú.

Tíṣà fi orin náà sínú fóònù mi, ó fún wa ní okùn kan tó la ẹnu méjì, tó ní kóró lórí ẹnu kọ̀ọ̀kan, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nírọ̀lẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ibi tí a ó fi í sí. Àmọ́ èmi kì í ṣe ọmọdé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn. Itan ló dá. Ni mo bá fi báńdéèjì di kóró méjèèjì mọ́ itan, lẹ́yìn oúnjẹ, mo tan orin, a jókòó tì í. Bàbá rẹ ní àwọn mọ̀ ọ́n bó ṣe ń wọ inú eegun, pé ó ń yún àwọn díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ ìpàdé tí wọn ò lò ó, mo fún wọn ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí Tíṣà padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó tú báńdéèjì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní etí ni orin ń gbà wọlé, pé bó ṣe ń lù ni yóò máa sọ fún ẹsẹ̀ ìgbà tí yóò gbé àti ìgbà tí yóò tẹ̀, tí ọkàn ò fi ní ráyè bẹ̀rù. Kí ló dé tí kò tètè sọ bẹ́ẹ̀?

Ní Ọjọ́bọ̀, a yọ okùn náà kúrò, a jẹ́ kí orin máa dún nínú yàrá. Bàbá rẹ dìde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ọ̀tún lọ, òsì fẹ́ tẹ̀lé e, ni ìwọ bá pè. Orin dákẹ́, ìwọ lò ń dún. Ìdí tí a ò fi gbé ìpè rẹ nìyẹn, kì í ṣe ìjà. Bàbá rẹ dúró sáàárín yàrá, ẹsẹ̀ òsì lókè, wọn ò mọ ibi tí wọn ó gbé e sí. Èmi náà ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù kí orin lè padà, ni mo bá la ẹnu, mo gba orin náà kọ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti sọ pé ohùn mi lè lé alángbá kúrò lára ògiri, mi ò kọrin nílé yìí mọ́. Ẹsẹ̀ òsì balẹ̀. Irin ò dá. Wọ́n gbé ọ̀tún, wọ́n tẹ òsì, wọ́n rìn títí wọ́n fi di férémù ilẹ̀kùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní kí n má dákẹ́. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí ọ pé àwọn sunkún, nítorí náà mi ò kọ ọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́, ti ẹsẹ̀ méjèèjì o, nítorí ẹyọ sálúbàtà kan ni wọ́n ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní kó jẹ́ èyí tó máa ń dún kò-kò-kò nílẹ̀, kí n lè máa gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, kí n mọ ibi tí màá ti gbe orin.

O ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ibi tí o bá tẹ̀ á gbà ọ́. Tí o bá tún fẹ́ pè, ọ̀sán ni kí o pè. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mò ń kọrin fún bàbá rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ