Orúkọ Iwájú Kẹ̀kẹ́

Múṣin, Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1974.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ẹ̀yin àti ìyá mi láyọ̀. Ara tèmi le.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ Ọmọ́níkẹ́ àbúrò mi, àti pé ẹ ti ní kẹ̀kẹ́ Kìnnìún ni ọmọkùnrin náà gbọ́dọ̀ gbé wá. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Mo ti ríṣẹ́ sí Ìgànmú, níbi tí wọ́n ti ń to kẹ̀kẹ́. Inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà tó bá dé: irin rẹ̀ láti Íńdíà, ṣéènì láti Jàpáànù, táyà láti ibòmíràn. Kò sí orúkọ lára wọn. Bí àwọn ọkùnrin bá tò ó tán, èmi ni mo ń fi omi lẹ bébà orúkọ mọ́ ọn níwájú.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínnì ọ̀gá wa kó oríṣi orúkọ méjì fún mi, Kìnnìún àti Àṣá. Mo bi í pé èwo ni Kìnnìún nínú àwọn kẹ̀kẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Sista, ìkan náà ni gbogbo ẹ̀ jàre. Lẹ Kìnnìún mọ́ ogún, kó o lẹ Àṣá mọ́ ìyókù."

Bàbá mi, Àṣá ni Tìrìmísíyù gbé wá nígbà tó wá tọrọ mi. Ẹ fọwọ́ ra orúkọ náà, ẹ sì wí lójú àwọn ẹbí rẹ̀ pé, "Ayédèrú ni. Ẹni tó gbé ayédèrú wá fún àna, ayédèrú ọkọ ni yóò jẹ́." Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tótó, ó ṣe bí òwe o.

Mo rí Tìrìmísíyù ní Ojú Ẹlẹ́gbà lóṣù tó kọjá. Ó ti gbéyàwó, ó gbé ọmọ lọ́wọ́. A kíra. Inú kò bí mi, ẹkún kò sì wá. Inú mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Mo wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń lẹ orúkọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ bá mi kí ìyá mi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jèrè gbogbo wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Àrínọlá.

Mo tún fẹ́ sọ èyí: mo tọrọ orúkọ Kìnnìún kan lọ́wọ́ ọ̀gá wa, òun ni mo ká sínú ìwé yìí. Kẹ̀kẹ́ yòówù tí ọmọkùnrin náà bá gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi díẹ̀ rin orúkọ náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.